Pọ́ǹpù Epo Àtijọ́: Báwo La Ṣe Ń Mọ Ojúlówó?

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ilé ìtura kékeré kan ni mo ní ní Mákùn, ní Ṣàgámù. Bàbá mi tó ti dolóògbé ta epo bẹntiróòlù lójú títì àtijọ́ tó gba Ìkòròdú wá sí Ṣàgámù kó tó kọjá sí Ìbàdàn, nígbà tí wọn ò tíì ṣí ọ̀nà márosẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi wù mí kí n gbé pọ́ǹpù epo àtijọ́ kan síwájú ilé ìtura mi, kí àwọn ọmọ mi lè mọ irú iṣẹ́ tí bàbá bàbá wọn ṣe.

Oníṣòwò kan láti Èkó ti wá fi ọ̀kan hàn mí. Ó ga jù mí lọ, pupa ni, ìpẹtà sì ti bo ìdí rẹ̀. Gíláàsì gbọọrọ kan wà lókè tí wọ́n kọ 1 dé 10 sí lára, gílóòbù Shell wá wà lórí gbogbo rẹ̀. Ó ní ọdún 1925 ni wọ́n ti ṣe é, pé Ṣàgámù níbí gan-an ni wọ́n ti fi ta epo fáwọn òyìnbó. Owó tó dá lé e kì í ṣe kékeré. Àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà sì sọ fún mi pé wọ́n ń ṣe àfarawé irú rẹ̀ bí ẹní ṣeré lọ́hùn-ún. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá òótọ́ lọkùnrin yìí ń sọ? Bó bá sì jẹ́ àfarawé, ṣé kí n má rà á rárá ni?

Èmi ni tiyín,
Onílé Ìtura, Mákùn

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ilé o, ọ̀gá mi. Kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ó dára tẹ́ ẹ béèrè kówó tó kúrò lápò yín.

Òṣùwọ̀n ni pọ́ǹpù epo. Wọ́n ṣe ojúlówó rẹ̀ kó lè fa epo látinú ilẹ̀, kó wọ̀n ọ́n láìrẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, kó sì dà á sínú ọkọ̀. Àfarawé ní tiẹ̀, torí kí ojú lè rí i ni wọ́n ṣe ṣe é. Nítorí náà, ẹ má kọ́kọ́ wo ọ̀dà àti ìpẹtà rẹ̀. Ọ̀nà tí epo ń gbà ni kẹ́ ẹ tọ̀ láti ìdí dé orí.

Irú èyí tẹ́ ẹ ṣàpèjúwe yìí gbòde ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù láti nǹkan bí 1915 títí wọ àwọn ọdún 1930. Ẹni tó ń ta epo á di ọ̀pá kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa tì í síwá sẹ́yìn. Epo á gòkè látinú táńkì abẹ́ ilẹ̀ bọ́ sínú gíláàsì. Oníbàárà á fojú ara rẹ̀ rí i pé gálọ́ọ̀nù 5 tóun fẹ́ ti pé, wọ́n á wá ṣí ẹnu rẹ̀, epo á gba inú họ́ọ̀sì ṣàn wálẹ̀ sínú ọkọ̀. Páìpù kan wà nínú gíláàsì náà tó ń dá èyí tó bá lé padà sábẹ́ ilẹ̀, kó má bàa kún ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ ní kí oníṣòwò yìí ṣí ilẹ̀kùn ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ máa bá ẹ̀rọ irin wúwo tó ń fa epo níbẹ̀, páìpù tó lọ sísàlẹ̀ àti èyí tó lọ sókè. Ẹ ti ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó so mọ́ nǹkan kan nínú. Ẹ ki wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ páìpù kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó lu já. Mo ti rí èyí tí páìpù rẹ̀ jẹ́ ọ̀pá irin gbọnyin tí ihò kankan ò sí nínú rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá sì ṣí ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ bá pẹpẹ tí wọ́n ń to ìgò sí, àbí wáyà iná gílóòbù nìkan, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ àfarawé tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà, àpótí ọtí àti ohun ọ̀ṣọ́ pálọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá sórí gíláàsì. Àmì 1 dé 10 tó wà lára rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́, gálọ́ọ̀nù ni wọ́n ń kà. Gálọ́ọ̀nù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń lò níbí lábẹ́ ìjọba òyìnbó, gba lítà 4.546, ti Amẹ́ríkà gba lítà 3.785. Ẹ fi tépù wọn fífẹ̀ inú gíláàsì náà. Bó bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 30, àlàfo láàárín àmì kan sí èkejì gbọ́dọ̀ tó sẹ̀ntímítà 6.4 bó bá jẹ́ gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì, tàbí 5.4 bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Bó bá ṣe 5.4, wọn ò ṣe pọ́ǹpù yẹn fún Nàìjíríà, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á wí. Bí kò bá sì bá èyíkéyìí nínú méjèèjì mu, tàbí tí àlàfo kan fẹ̀ ju èkejì lọ, a jẹ́ pé ẹni tó fà á ò ní òṣùwọ̀n lọ́kàn rárá. Ẹ tún fi èékánná kan gíláàsì náà. Ẹ máa gbọ́ ọ bó bá jẹ́ ike.

Ẹ̀yìn èyí ni kẹ́ ẹ tó yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ mú sípánà mílímítà 10, 13 àti 17 dání. Ínǹṣì ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fi ń ṣe bóòtù nígbà náà. Sípánà 13 lè wọ nọ́ọ̀tì ìdajì ínǹṣì, àmọ́ á máa yẹ̀. Bí sípánà mílímítà bá wá bá gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ mu pẹ́kípẹ́kí, kì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é ní 1925. Ẹ wo súkúrú rẹ̀ náà. Àwọn tí orí wọn ní àmì àgbélébùú, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní sítà, àárín àwọn ọdún 1930 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọjà. Ẹyọ kan ṣoṣo lè jẹ́ àtúnṣe tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ sítà, ẹ fura. Ẹ wá irin òòfà tó ń wà lẹ́yìn sípíkà rédíò tó ti bàjẹ́, kẹ́ ẹ gbé e mọ́ ohun tó bá jọ idẹ lára rẹ̀. Òòfà kì í fa idẹ. Bó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin tí wọ́n kùn ní àwọ̀ idẹ ni.

Ìpẹtà ni wọ́n fi ń tan èèyàn jù. Omi iyọ̀ tàbí ásíìdì ni wọ́n ń wọ́n sára irin tuntun, láàárín ọjọ́ díẹ̀ á ti pọ́n. Irú ìpẹtà bẹ́ẹ̀ máa ń dọ́gba kárí ara, bẹ́ ẹ bá fọwọ́ nù ún, á tẹ̀ lé yín lọ́wọ́ bí ìyẹ̀fun. Irin tó dógùn-ún fúnra rẹ̀ máa ń dúdú díẹ̀, ó máa ń jẹ kòtò-kòtò wọnú irin, ibi tí omi ń dúró sí ló sì ti máa ń pọ̀ jù: ìdí rẹ̀, abẹ́ bóòtù, oríkèé ilẹ̀kùn. Ibi tí ọwọ́ èèyàn ti ń di ọ̀pá mú fún ọ̀pọ̀ ọdún á ti dán. Bí ìpẹtà ibẹ̀ bá rí bákan náà pẹ̀lú ti ìdí rẹ̀, ọwọ́ ò lò ó rí. Ẹ wá ibi kọ́lọ́fín kan, kẹ́ ẹ fi abẹ ha ọ̀dà rẹ̀ díẹ̀. Pọ́ǹpù tó bá ṣiṣẹ́ pẹ́ ti gba oríṣiríṣi ọ̀dà, ìpele lórí ìpele. Bẹ́ ẹ bá kan irin tó ń dán lábẹ́ ọ̀dà kan ṣoṣo, tàbí fáíbà, ẹ ti rí ìdáhùn. Bí pátákó orúkọ bá wà lára rẹ̀, ojúlówó àtijọ́ máa ń jẹ́ tánganran, ó sì máa ń ṣẹ́ bí abọ́ ìyá àgbà ṣe ń ṣẹ́, tí irin dúdú á yọ lábẹ́ rẹ̀. Ti ayédèrú, páànù tí wọ́n tẹ àwòrán sí ni.

Gílóòbù náà lẹ́jọ́ tiẹ̀ láti rò. Àmì ìkarahun Shell ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Èyí tí gbogbo wa mọ̀ lónìí, tí ìlà rẹ̀ ò pọ̀, Raymond Loewy ló ṣe é, ọdún 1971 ló sì jáde. Bó bá jẹ́ òun ló wà lórí pọ́ǹpù yín, ọdún 46 ló wà láàárín gílóòbù àti ọjọ́ orí tí wọ́n pe pọ́ǹpù. Ẹ wo ọrùn rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá kọ Shell-Mex and B.P. Ltd síbẹ̀, ọdún 1932 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ti ń tajà.

Bí wọ́n bá gbé òmíràn wá, ẹ fi ìtàn ilẹ̀ wa yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo owó àti orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀: ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà rọ́pò pọ́ùn àti ṣílè. Ọdún 1975 ni epo Shell di National lójú títì wa, ọdún 1977 ni wọ́n dá NNPC, iléeṣẹ́ epo ìjọba, sílẹ̀, ọdún 1979 sì ni ìjọba gba BP tó di African Petroleum (AP). Pọ́ǹpù tó bá ru orúkọ AP, tí wọ́n wá ní ó ti wà kí a tó gbòmìnira, irọ́ ni.

Ó wá ku ìtàn tí ọkùnrin yìí ń sọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, garawa tó ń gba gálọ́ọ̀nù 4 ni epo ọkọ̀ fi ń dé ilẹ̀ wa, méjì méjì nínú àpótí pákó. Nítorí náà, kò tó kéèyàn kàn sọ pé wọ́n fi ta epo ní Ṣàgámù ní 1925. Ẹ bi í pé ilé epo wo, ti ta ni, ojú títì wo? Bó bá dárúkọ ibẹ̀, ẹ lọ bá àwọn àgbà tó mọ bàbá yín. Bí kọnkéré ìdí pọ́ǹpù bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ wọn àlàfo àárín bóòtù rẹ̀ kẹ́ ẹ fi wé ihò ìdí èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún yín.

Ẹ béèrè bóyá kẹ́ ẹ má rà á rárá. Àfarawé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá pè é ní àfarawé, tí owó rẹ̀ sì jẹ́ owó àfarawé, á bu ẹwà kún iwájú ilé ìtura yín. Ojúlówó tí wọ́n tún kùn, tí wọ́n pààrọ̀ họ́ọ̀sì àti gílóòbù rẹ̀, ojúlówó ṣì ni, bí wọ́n bá ti sọ ohun tí wọ́n pààrọ̀. Olè ni kí wọ́n fi ásíìdì sọ ọmọ àná di arúgbó, kí wọ́n wá gba owó arúgbó lọ́wọ́ yín. Ẹ ní kó kọ ọdún rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ náà “ojúlówó” sínú rìsíìtì, kó sì fọwọ́ sí i pé owó yín á padà bí ẹ̀rí bá fi hàn pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Bó bá sì jẹ́ ojúlówó, ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kankan gbé iná sún mọ́ ọn títí ẹni tó mọ iṣẹ́ pọ́ǹpù á fi tú u, tó sì fọ inú rẹ̀. Ooru epo tó há sínú páìpù lè gbiná. Irú àwọn oníṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí yín, torí ibùdó epo Mósímì wà lágbègbè yín. Ẹ mú ọ̀kan dání lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Kẹ́ ẹ tó náwó yín fún ará Èkó, ẹ kọ́kọ́ wádìí lọ́dọ̀ àwọn tó bá bàbá ṣiṣẹ́. Ṣàgámù àti Ògìjò ni àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin àlòkù wà, ọ̀pọ̀ ohun àtijọ́ wa ló sì ń gba ibẹ̀ lọ nítorí ẹnikẹ́ni ò béèrè wọn. Pọ́ǹpù ọdún 1960 tí bàbá yín fọwọ́ ara rẹ̀ lò, bó tilẹ̀ fọ́, máa kọ́ àwọn ọmọ yín ní ohun tí pọ́ǹpù 1925 ti ẹlòmíràn ò lè kọ́ wọn. Bẹ́ ẹ bá rí i ra, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tún un kùn kó tó dé ilé yín.