Láti Warehouse Road dé Ìkẹjà: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Fẹ́ Wo Àwọn Ilé Ìrìnnà Àtijọ́ ní Èkó

Warehouse Road ní Àpápá jẹ́ títì àwọn ilé ìfowópamọ́, ilé ìkẹ́rùsí àti ọ́fíìsì àwọn aṣojú tó ń bá oníṣòwò gba ẹrù jáde, kò sì jìnnà sí èbúté tí wọ́n parí ibùdó ọkọ̀ òkun mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ ní 1926. Àlejò tó bá wọ̀ sí àdúgbò yìí, tàbí sí Ajégúnlẹ̀ tó múlé tì í, lè rò pé ẹrù àti tírélà nìkan ni ojú yóò rí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ kan, ó lè ti ibẹ̀ lọ wo ohun tí Èkó ń fi àwọn ilé ìrìnnà àtijọ́ rẹ̀ ṣe, ìyẹn àwọn ilé tí ìjọba kọ́ fún iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ òfurufú, tí ọjọ́ ti lọ lórí wọn.

Kí àlejò tètè jáde láàárọ̀, nítorí pé bí tírélà bá ti tò sójú ọ̀nà èbúté, ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ lè di ti wákàtí. Láti Àpápá, dáńfó tó ń lọ sí Costain ni yóò wọ̀, kí ó tó wọ òmíràn lọ sí Ọyìngbò tàbí Èbúté Mẹ́ta. Kí ó mú owó wẹ́wẹ́ dání, kí ó má sì ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà èbúté, níbi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ kì í ti í fojúure wo ẹni tó gbé kámẹ́rà. Ibùdókọ̀ ojú irin kan wà ní Àpápá tí wọ́n fi orúkọ Bọ́lá Ahmed Tinúbú pè, àmọ́ iṣẹ́ ẹrù ló wà fún jù lọ. Ibùdókọ̀ Mobọ́lájí Johnson ní Èbúté Mẹ́ta ni èrò ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin Ìbàdàn, tí ọ̀nà rẹ̀ gùn tó kìlómítà 157, tí wọ́n sì ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà, 2021.

Inú ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta yìí kan náà ni Ilé Jaekel wà, ibẹ̀ sì ni ó yẹ kí àlejò ti pẹ́ jù. Ilé alájà kan ni, tí àwọn òyìnbó amúnisìn kọ́ ní 1898, nígbà tí ọ̀nà irin láti Èkó kò tíì dé Ìbàdàn. Ọ̀gá àgbà rélùwéè ló ń gbé inú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó di ilé ìsinmi àwọn òṣìṣẹ́ àgbà, kí ó tó di ilé tó ń bàjẹ́ lọ. Ní 2010, ayàwòrán-ilé John Godwin àti ẹgbẹ́ Legacy, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìtọ́jú àwọn ilé àtijọ́, tún un ṣe, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kékeré. Àwọn fọ́tò tí wọ́n yà láti àwọn ọdún 1940 títí dé àwọn ọdún 1970 wà lára ògiri, tí ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò rí ojú àwọn ènìyàn, àwọn ìlú àti àwọn ayẹyẹ ìgbà náà nínú wọn. Ohun tó dára jù nínú iṣẹ́ wọn ni pé wọn kò wó ilé náà kọ́ tuntun. Wọ́n tún ara rẹ̀ ṣe, wọ́n sì wá iṣẹ́ tó bá a mu fún un. Ọgbà iṣẹ́ ni àyíká rẹ̀ ṣì jẹ́, nítorí náà kí àlejò sọ ohun tó bá wá fún ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, kí ó sì gba àṣẹ kí ó tó ya fọ́tò.

Láti Ọyìngbò, ọkọ̀ ojú irin Red Line, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù Kẹwàá 2024, ń lọ sí Ìkẹjà. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń sanwó rẹ̀, kì í ṣe owó ọwọ́. Ní Ìkẹjà, àlejò yóò tún wọ mọ́tò lọ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, níbi tí gbọ̀ngàn àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta, 1979, tí wọ́n sì fi Schiphol ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì ṣe àwòkọ́ṣe rẹ̀, wà. Ní oṣù Keje 2025, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 712 náírà fún àtúnṣe rẹ̀, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún CCECC, ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà tó kọ́ ọ̀nà irin Èkó sí Ìbàdàn. Ètò náà ni pé kí wọ́n tú inú ilé náà títí yóò fi ku egungun rẹ̀ nìkan. Nítorí iṣẹ́ yìí, ẹni tó ń rìnrìn-àjò lọ sí òkè òkun gbọ́dọ̀ wo tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dáadáa, kí ó mọ gbọ̀ngàn tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò ti gbéra.

Ṣùgbọ́n a lè dá irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀ sí. Ní New York, gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú TWA tí ayàwòrán-ilé Eero Saarinen yà, tí wọ́n ṣí ní 1962, tí wọ́n sì tì ní 2001, ti di hòtẹ́ẹ̀lì láti 2019, èrò sì ń jókòó nínú rẹ̀ bí ẹní jókòó sínú ìtàn. Ní Èkó náà, ó yẹ kí àwọn aláṣẹ pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed, bí wọ́n bá ń kọ́ yàrá ìsinmi èrò, ìyẹn ibi tí èrò ti ń jókòó tura kí ọkọ̀ tó gbéra, dá apá kan gbọ̀ngàn 1979 náà sí nínú rẹ̀, kí wọ́n sì gbé fọ́tò rẹ̀ kọ́ sára ògiri gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe ní Ilé Jaekel, kí iṣẹ́ náà tó dé ibi tí kò ní ṣeé yí padà mọ́.