Palermo fún Akẹ́kọ̀ọ́ Tówó Rẹ̀ Ò Pọ̀

Nínú àwọn ìlú èbúté àtijọ́ tó wà létí òkun Mẹditaréníà, Palermo, olú-ìlú erékùṣù Sicily ní Ítálì, ló rọ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn jù lójú tèmi. Ìta gbangba ni ọ̀pọ̀ ohun tó dùn níbẹ̀ wà, ẹsẹ̀ lèèyàn sì fi ń rí i. Ṣùgbọ́n má lọ lóṣù kẹjọ o! Oòrùn ò ní jẹ́ kó o gbádùn, ilé ìbùsùn á sì wọ́n. Oṣù kẹrin, ìkarùn-ún tàbí ìkẹwàá ló dáa.

Bó o bá ń kàwé lórílẹ̀-èdè Schengen kan, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà bíi ti Ítálì, tó o sì ní ìwé ìgbélùú ibẹ̀, ìyẹn àti páásípọ́ọ̀tù ti tó. Ojúlówó ni kó o mú dání, kì í ṣe fọ́tò inú fóònù. Ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Britain ní láti gba físà.

Pápákọ̀ òfurufú wọn, Falcone-Borsellino, tó bíi kìlómítà 35 sí ìgboro. Orúkọ adájọ́ méjì tí ẹgbẹ́ ọ̀daràn Mafia pa ní 1992 ni wọ́n fi sọ ọ́. Bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin ń ti ibẹ̀ lọ sí àárín ìlú, nítorí náà má fowó ṣòfò lórí takisí. Ẹni tó bá ráyè, kó wọ ọkọ̀ ojú irin láti Róòmù. Ó ń gbà tó wákàtí 11 tàbí 12, àmọ́ bẹ́ ẹ bá dé Villa San Giovanni, wọ́n á tú ọkọ̀ náà sí abala-abala, wọ́n á tì í sínú ikùn ọkọ̀ ojú omi, gbogbo yín á sì jọ gba orí òkun sọdá sí Messina. Nínú ìlú, ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n gbé lẹ́tà T ńlá kọ́ síwájú ni kó o ti ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì. Bó o bá wọlé, kì í bọ ẹ̀rọ kó lù ú lóǹtẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ní òǹtẹ̀, owó ìtanràn ló ń fà.

Àárọ̀ ni kó o lọ sí ọjà Ballarò. Kí oníǹkan kó o tó béèrè iye. Buongiorno kan ṣoṣo a máa tú ojú ká. Wá àwọn tó ń ta panelle. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà ceci ni wọ́n máa ń rò lórí iná, tí wọ́n á tẹ́ pẹrẹsẹ, tí wọ́n á gé, tí wọ́n á wá dín in nínú epo, kí wọ́n tó kì í bọ inú búrẹ́dì. Ẹni tó ti jẹ búrẹ́dì àti àkàrà rí kò ní ṣàjèjì sí i. Pani ca meusa ńkọ́? Fùkù àti ẹran inú màlúù ni, àmọ́ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà fi ń dín in, kí Mùsùlùmí ṣọ́ra. Bí panelle bá sú ọ, àwọn ọmọ Nàìjíríà ní ṣọ́ọ̀bù ládùúgbò náà, wàá rí iṣu àti gàrí rà.

Ládùúgbò yìí kan náà, wọ́n ya Benedetto il Moro gàdàgbà sára ògiri. Ọmọ àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà ni, ó kú ní 1589, ìjọ Kátólíìkì sì sọ ọ́ di ẹni mímọ́ ní 1807. Òun ni àwọn aláwọ̀ dúdú ní Brazil mọ̀ sí São Benedito, tí wọ́n ń ṣọdún fún. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n tọ́jú òkú rẹ̀ sí lẹ́yìn ìlú jóná ní 2023, nítorí náà ibi àwòrán yìí ni kó o ti kí i.

Bó bá jẹ́ ibì kan ṣoṣo lowó rẹ ká, Cappella Palatina ni kó o san án sí. Àwọn Lárúbáwá gba Palermo ní 831, àwọn Norman láti Faransé gbà á lọ́wọ́ wọn ní 1072, Roger Kejì tó jọba ní 1130 ló sì kọ́ ilé àdúrà yìí sínú ààfin. Wúrà ara ògiri ni gbogbo èèyàn máa ń wò. Ìwọ ní tìrẹ, gbójú sókè sí àjà onípákó tí àwọn oníṣọ̀nà Mùsùlùmí yà: àwọn ọ̀mùtí wà níbẹ̀, àwọn onílù wà níbẹ̀, kódà àwọn méjì jókòó ti ọpọ́n chess. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì o! Bo èjìká àti orúnkún rẹ, kí wọ́n má baà dá ọ padà. Lẹ́yìn náà, rìn dé Kàtídírà, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ láti wọ̀. Ní ìloro ìhà gúúsù, wo òpó apá òsì: ẹsẹ Kùránì ni wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀.

Palazzo Steri tún wà nítòsí èbúté, tí Yunifásítì Palermo ń lò fún ọ́fíìsì àkóso rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀wọ̀n Inquisition, ìgbìmọ̀ ìjọ Kátólíìkì tó ń fìyà jẹ àwọn tí wọ́n kà sí aládàámọ̀, wà títí di 1782, àwòrán tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n yà sì wà lára ògiri títí dòní. Ṣọ́ọ̀ṣì púpọ̀ a máa tì lọ́sàn-án. Ìgbà yẹn ni kó o fi sinmi. Ní ti ihò òkú àwọn Capuchin, ìyẹn àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn Kátólíìkì, tí wọ́n to òkú gbígbẹ jọ bí èrò àpéjọ, mi ò rán ẹnikẹ́ni lọ. Bọ́ọ̀sì 806 láti ìtòsí tíátà Politeama ló ń lọ sí etíkun Mondello. Kọjá ibi tí wọ́n to àga sí fún owó, kó o tẹ́ aṣọ rẹ síbi tó jẹ́ ọ̀fẹ́.