Tòkunbọ̀ ń sọ ọ̀nà, kò sọ bí ara ọkọ̀ ṣe le tó

Ẹni tó bá ń fetí sí ìpolówó ọjà lórí rédíò l'Ékòó yóò ti gbọ́ “tòkunbọ̀ tí wọ́n lò ní Nàìjíríà”. Wọ́n ń kì í bí ẹni ń ki oríkì, ahọ́n wọn ò sì kọ́. Bí a bá yí etí síbi tí wọ́n ti ń wàásù, a óò gbọ́ pé kí ìjọ má ṣe gba “ìbùkún tòkunbọ̀”, pé tuntun ni Ọlọ́run ń fúnni. Ti àkọ́kọ́ ní ọkọ̀ tí kò kúrò ní Surulere láti ọdún mẹ́wàá ṣì ń ti òkun bọ̀. Ìkejì ní ohunkóhun tó bá ti òkun bọ̀, àlòkù ni. Àwọn méjèèjì ti gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ òkun, wọ́n fi lé àlòkù lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ dúró lé lórí ni pé tòkunbọ̀ ń sọ ọ̀nà tí nǹkan gbà dé ọ̀dọ̀ wa. Kò sọ bí ara nǹkan náà ṣe rí, kò sì sọ bó ti pẹ́ tó láyé. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn olùkọ́ èdè nìkan. Ní Mushin àti ní ọjà Ládípọ̀, níbi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ palẹ̀ tí wọ́n tún ń tò ó, owó àwọn tí kò lówó púpọ̀ ń ṣègbé láàárín ìtumọ̀ méjèèjì, pàápàá bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí omi ti wọ̀ rí.

Ènìyàn ló kọ́kọ́ ń jẹ́ orúkọ yìí kó tó kan mọ́tò. Adétòkunbọ̀, Ọlátòkunbọ̀, Olútòkunbọ̀, Ọmọ́tòkunbọ̀: orúkọ àbísọ ni gbogbo wọn. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun ni wọ́n sábà máa ń sọ bẹ́ẹ̀, tàbí èyí tí wọ́n bí nígbà tí ẹnì kan pàtàkì nínú ẹbí ti ìrìn àjò òkun dé. Adétòkunbọ̀ Adémọ́lá, tí wọ́n bí ní 1906, tó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ Adájọ́ Àgbà ilẹ̀ yìí, tó sì wà lórí àga náà láti 1958 di 1972, ti fi orúkọ yẹn ṣe ẹ̀ṣọ́ ara kí ẹnikẹ́ni tó rò pé ó lè bá fìríìjì mu. Nínú orúkọ wọ̀nyí, adé ló ń bọ̀, ọlá ló ń bọ̀. Ohun iyì ni òkun ń dá padà sílé. Kò sí lílò níbẹ̀, kò sí ogbó, kò sí ẹ̀dínwó. Ìhun rẹ̀ náà mọ́ kedere: “ti” ń tọ́ka sí ibi tí a ti gbéra, “òkun” ni ibi ọ̀hún, “bọ̀” sì ni ìrìn sọ́dọ̀ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó dúró sílé, tó kọjú sí èbúté, ló lè sọ ọ́. Ohùn sì ń ṣọ́ ìtumọ̀ náà, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ ló wà lórí “tò”. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń gbé e sókè di “tókúnbọ̀” ti pa òkun rẹ́. Ohun tí etí mi ń gbọ́ lẹ́nu wọn ni omi tó kún tó sì ń bọ̀. Ó dùn mí láti sọ pé fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń polówó, àṣìpè yẹn sún mọ́ òótọ́ ju ìpè tó tọ́ lọ.

Bí orúkọ ọmọ ṣe di orúkọ mọ́tò kò ṣòro láti tọpa. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ lójú títì, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Láti ọjọ́ náà, ọkọ̀ tí wọ́n lò ní Ìlú Ọba, tí ìdarí rẹ̀ wà lọ́tùn-ún, kò bá títì wa mu mọ́. Ti Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì àti Amẹ́ríkà ló bá a mu. Nígbà náà, tuntun ṣì wà nítòsí ọwọ́ òṣìṣẹ́: Volkswagen ń to ọkọ̀ ní Ọ̀jọ́ láti 1975, títí kan èyí tí a sọ ní ìjàpá, Peugeot sì ń to tirẹ̀ ní Kàdúná. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé dé ní 1986, tí náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, tuntun fò kọjá orí ọ̀pọ̀ ènìyàn, àlòkù ilẹ̀ Yúróòpù sì ya wọ èbúté wa. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní “Belgium”, wọ́n sì ń pe ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ di òní olónìí. Orúkọ ibi tí nǹkan ti wá ni wọ́n fi sọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi orúkọ ìlú Òkìrìkà, lẹ́bàá Port Harcourt, sọ aṣọ àlòkù. Tòkunbọ̀ borí wọn l'Ékòó nítorí pé odidi gbólóhùn ni, Èkó sì fẹ́ràn kó máa fi gbólóhùn ṣe orúkọ ọjà. Bọ́síkọ́nà ni aṣọ tí ẹni tó ń rà á ní láti yà sí kọ̀rọ̀ kí ojú má bàa tì í. Bọ́lẹ́kájà ni ọkọ̀ akérò onípákó tí àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀ máa ń pe ara wọn sọ̀ kalẹ̀ wá jà nítorí èrò nígbà kan rí.

Bọ́lẹ́kájà yìí gan-an ni ẹ̀rí mi pé ọ̀rọ̀ lè rìn jìnnà kó má sọ gbòǹgbò rẹ̀ nù. Ní 1980, Chinweizu, Onwuchekwa Jemie àti Ihechukwu Madubuike, tí kò sí Yorùbá nínú wọn, kọ ìwé lórí lítíréṣọ̀ Áfíríkà, wọ́n sì pe ara wọn ní alárìíwísí bọ́lẹ́kájà. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí títì, ó ti wọ yunifásítì, ó ti wọ èdè àwọn ẹlòmíràn, síbẹ̀ ìjà ṣì wà nínú rẹ̀ pérépéré. Ìjà náà ni wọ́n torí ẹ̀ yá a. Tòkunbọ̀ kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Ó dúró sórí títì Èkó níbí, lẹ́nu àwa tí a ni ín, òkun sì ti gbẹ kúrò nínú rẹ̀.

Àwọn kan á ní òkun ti gbẹ kúrò níbẹ̀ tipẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ yìí ń gba orí ilẹ̀ láti Kútọnù wọlé ní Sẹ̀mẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo ni ó ṣe dé Kútọnù? Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e débẹ̀. Ẹni tó ti Ìlú Ọba dé tó sì sun ọjọ́ méjì ní Kútọnù ṣì ti òkun bọ̀. Ìjọba pàápàá ti ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn láìmọ̀: láti ọjọ́ 1 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2017, wọ́n fòfin de gbígbé mọ́tò wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀, wọ́n ní èbúté nìkan ni kó máa gbà. Nínú òfin, ọkọ̀ tí kò bá ti ojú òkun wọlé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé rárá. Àwọn aṣọ́bodè ń lo ìtumọ̀ àtijọ́. Rédíò ló ti kúrò nídìí rẹ̀.

Ibi tí ewu wà nìyí. Nígbà tí ìjì Katrina ru omi bo New Orleans ní 2005, àti nígbà tí ìjì Harvey fi òjò bo Houston ní 2017, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ló rì. Iléeṣẹ́ ìbánigbófò san owó fún àwọn tó ni wọ́n, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ọkọ̀ pé omi ti wọ̀ ọ́. Ìwé yẹn ni ẹni tó bá fẹ́ ti irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ wa lọ́wọ́ kì í jẹ́ kó tẹ̀ lé ọkọ̀ dé Àpápá. Wọ́n sá ọkọ̀ sóòrùn, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fín lọ́fínńdà sí i, ó sì ti òkun bọ̀. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò kì í wo ọ̀dà ara rẹ̀. Á fa bẹ́líìtì ìjókòó títí yóò fi tán, nítorí ibi tó ká mọ́ra nínú lọ́hùn-ún kò ríbi fọ̀, ojú ìlà ẹrẹ̀ ṣì máa ń wà níbẹ̀. Á gbé kápẹ́ẹ̀tì, á fọwọ́ tẹ fóòmù abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí à ń pè ní rìwáyà á tú ẹnu wáyà, á sì rí i tí bàbà ti yọ àwọ̀ ewé. Omi iyọ̀ burú ju omi òjò lọ fún irú wáyà bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ náà lè ṣíná lónìí, kó rìn lọ rìn bọ̀ láàárín Yábàá àti Ojúẹlẹ́gba fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà kí brain box rẹ̀, kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, kú lójú pópó. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni lóòótọ́. Ohun tí olùrà ní láti gbọ́ ju ìyẹn lọ ni ọ̀rọ̀ náà kò sọ, kò sì ṣèlérí láti sọ.

Kí ni kí á wá pe ọkọ̀ tí omi bà jẹ́ tí ẹnì kan sì fara balẹ̀ tún ṣe? Ká tó sọ ọ́ lórúkọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ àtúnṣe náà. Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń wá ilé kékeré tí wọ́n ń gbé ka ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù, irú èyí tí wọ́n fi ń rìnrìn àjò afẹ́ ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1979, wọ́n á sì dá a padà sí bó ṣe wà. Igi ni egungun rẹ̀, páànù alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bò ó. Omi ń gba oríkèé òrùlé àti etí fèrèsé wọlé, igi ń jẹrà nínú lọ́hùn-ún nígbà tí páànù ń dán lóde. Bọ́lẹ́kájà wa náà kò yàtọ̀ sí i: nígbà ayé rẹ̀, ẹ́ńjìnnì, ṣáàsì àti iwájú ni ọkọ̀ Bedford tàbí Austin máa ń gbé wá láti Ìlú Ọba, káfíńtà wa ló máa ń fi pákó kan ìyókù. Ìwòsàn méjèèjì kan náà ni. A ní láti ṣí ìbora kúrò, ká gé igi tó ti jẹrà títí a ó fi kan èyí tó le, ká jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, ká kan igi tuntun mọ́ ọn, ká tó dí oríkèé. Ẹni tó bá kun ọ̀dà lé igi tó rin ti sé omi mọ́ inú ni. Panẹ́ẹ̀lì bítà Mushin tó mọ iṣẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí irin: á gé ibi tó ti dípẹtà sọnù, á jó páànù tuntun mọ́ ọn. Èyí tó fi pọ́tì bo ìpẹtà kò tún nǹkan kan ṣe, ìpẹtà yóò tú u jáde.

Rédíò ní ọ̀rọ̀ kan fún iṣẹ́ yìí, “ìmúpadàbọ̀sípò”, tí wọ́n yá lọ́wọ́ oníwàásù. Ó gùn, kò sì sọ pé ẹnikẹ́ni di òòlù mú. A ti ní “kàn” nílẹ̀. Káfíńtà ń kan àga, wọ́n ń kan ọkọ̀. Àtúnkàn ni ọkọ̀ tí wọ́n tú palẹ̀ tí wọ́n sì tún kàn. Ó bá ọ̀rọ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ mu, nítorí inú omi ni ọkọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kó tó gun ilẹ̀. Ọkọ̀ ni èyí tí a fi àjẹ̀ wà lójú ọ̀sà. Nígbà tí mọ́tò dé, a fún un lórúkọ náà, a sì ń “wa” mọ́tò di òní bí ẹni pé àjẹ̀ wà lọ́wọ́ wa. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì kò wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún èyí tí Nóà kàn, tó sì fi ọ̀dà kùn tinú tòde kí omi má bàa wọ̀ ọ́. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà, ohun tí à ń bi ọkọ̀ léèrè ni bóyá ó ń jò.

Àwọn tó ń ta ọkọ̀ á ní èdè ń dàgbà, pé gbogbo olùrà ló mọ̀ pé àlòkù ni tòkunbọ̀. Mo gbà pé èdè ń dàgbà. Àmọ́ ẹ wo ohun tí àwọn tó ń ta fóònù ní Ìkẹjà ṣe. Wọ́n pa tòkunbọ̀ tì, wọ́n ń sọ “UK used”, wọ́n sì ya “Nigerian used” sọ́tọ̀, iye owó méjèèjì kò sì dọ́gba. Kí ló dé tí wọ́n fi lọ yá Gẹ̀ẹ́sì? Nítorí pé ọjà fẹ́ mọ nǹkan méjì, ibi tí nǹkan ti wá àti ẹni tó ti lò ó, tòkunbọ̀ tí a ti lò gbó kò sì lè sọ ọ̀kankan mọ́. Àwọn mìíràn á ní àlòkù kò dùn létí oníbàárà. Ohun tó kù lẹ́yìn lílò ni àlòkù, nǹkan tó sì ṣẹ́ kù lẹ́yìn lílò lè lágbára ju tuntun tí wọn kò ṣe dáadáa lọ. Kò sí èébú níbẹ̀.

Mo jọ̀wọ́ fìríìjì, jẹnẹrétọ̀ àti mátírẹ́ẹ̀sì. Níbẹ̀, tòkunbọ̀ ti di àlòkù, kò sí alátakò tó lè gbà á padà, èmi náà kò sì ní bá ẹni tó ń ta jẹnẹrétọ̀ ní Mushin jà nítorí rẹ̀. Ìbùkún tòkunbọ̀ ni mi ò lè jọ̀wọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń jẹ́ Tòkunbọ̀ ló jókòó nínú ìjọ nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́. Mi ò sì lè jọ̀wọ́ mọ́tò. Ẹni tó bá ń ta ọkọ̀ lè sọ pé: tòkunbọ̀ ni, àlòkù ni, omi wọ̀ ọ́ ní Houston, àtúnkàn Mushin ni, ẹ wá wo ibi tí a gé. Ìpolówó náà kò gùn ju èyí tí wọ́n ń kà báyìí lọ.