Ẹ̀wù Ayẹta àti Ìhámọ́ra Ọlọ́run

Kíkà: Éfésù 6:10-20, 1 Àwọn Ọba 22:29-37

Ọkọ̀ òkun tó bá ń lọ sí èbúté Warri ní láti gba ẹnu odò Escravos wọlé láti Gulf of Guinea. Lọ́dún 2020, nínú òṣìṣẹ́ ọkọ̀ 135 tí àwọn ajínigbé kó lórí omi káàkiri àgbáyé, 130 ló jẹ́ ní agbami yìí. Ẹni tó bá ń ṣọ́ irú omi bẹ́ẹ̀ nílò ẹ̀wù ayẹta. Ẹ̀kọ́ mẹ́ta ni mo rí kọ́ lára ẹ̀wù yìí.

1. Ohun tí wọ́n fẹ́ dànù ló di ààbò. Lọ́dún 1965, Stephanie Kwolek, onímọ̀ kẹ́místrì ní ilé-iṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà, ń wá fọ́nrán fún táyà ọkọ̀. Àpòpọ̀ tó rí dàrú, ó sì ṣàn bí omi. Ẹni tó ń darí ẹ̀rọ ìrànwú kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, ó ní yóò dí ihò ẹ̀rọ. Obìnrin náà kò jẹ́ kó sú òun. Ohun tó jáde ni Kevlar: bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, ó lágbára ju irin lọ ní ìlọ́po márùn-ún.

2. Kì í yẹ ọta. Ayẹta là ń pè é, ṣùgbọ́n ńṣe ló ń gba ọta dúró. Ìpele aṣọ púpọ̀ ni. Fọ́nrán tí ọta bá lù yóò pín agbára rẹ̀ fún àwọn yòókù. Ara ẹni tó wọ̀ ọ́ lè wú, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ wà. Mo máa ń gbọ́ àdúrà àwa akẹ́kọ̀ọ́ bíi pé ìgbàgbọ́ ni oògùn tí kò ní jẹ́ kí ìṣòro kàn wá. Ẹ wo ẹsẹ 20: nínú ẹ̀wọ̀n ni Pọ́ọ̀lù ti kọ̀wé nípa ìhámọ́ra.

3. Ó lè gbó láìjẹ́ pé ojú rí i. Wọ́n fi fọ́nrán mìíràn, Zylon, ṣe ẹ̀wù fún ọlọ́pàá Amẹ́ríkà. Lọ́dún 2003, ọta la ọ̀kan kọjá lára ọlọ́pàá kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania. Àyẹ̀wò fi hàn pé ọ̀rinrin ń sọ fọ́nrán náà di aláìlágbára díẹ̀díẹ̀. Lọ́dún 2005 ìjọba fagi lé e. Áhábù náà wọ ìhámọ́ra, àárín oríkèé rẹ̀ ni ọfà gbà wọlé.

Ìjíròrò: Ibo ni ọ̀rinrin ti ń wọ ìhámọ́ra rẹ: àdúrà tó ti di àṣà, tàbí òtítọ́ tí o ń fi pamọ́ nínú yàrá ìdánwò? Ta lo lè sọ fún lọ́sẹ̀ yìí, kí ó tó di ọjọ́ ogun?

Àdúrà: Olúwa, yẹ ìhámọ́ra mi wò, kí o sì tún un ṣe. Àmín.