Ẹ̀kọ́ Lórí Ọkọ̀: Ṣéènì Inú Ẹ́ńjìnnì àti Ohun Tí Ń Mú Un Le

Èdè àti àṣà ni a sábà máa ń kọ́ ara wa lórí ewé yìí, ṣùgbọ́n lónìí a fẹ́ yà sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì díẹ̀, nítorí ohun tí ojú wa rí ní Warri níbí.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa ń fi Toyota Corolla àtijọ́ kan ṣe kábúkábú láàárín Effurun àti Warri. Nínú owó ọkọ̀ yìí ni owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò rẹ̀ ti ń jáde. Nígbà tí ó yá, bí ó bá ti tan ọkọ̀ ní òwúrọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ró bí ìgbà tí ènìyàn ń mi ìṣó nínú agolo. Láìpẹ́, ariwo náà á dákẹ́. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí ó lọ ra tòkúnbọ̀ mìíràn. Àgbà mẹkáníìkì kejì, ọmọ Urhobo, tẹ́tí sí i, ó sì fi píjìn sọ fún ẹ̀gbọ́n wa pé ẹ́ńjìnnì kọ́, ṣéènì ni ó dẹ̀.

Kí ni ṣéènì yìí? Nínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀pá kan wà nísàlẹ̀ tí písítìn ń yí. Ọ̀pá mìíràn wà lókè tí ń ṣí fáàfù. Bí ti ìsàlẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ti òkè gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, láìyẹsẹ̀. Bẹ́líìtì ni ó so wọ́n pọ̀ nínú ọkọ̀ mìíràn. Ṣéènì ni ti Peugeot 504 alo-pẹtiróòlù, irú èyí tí PAN bẹ̀rẹ̀ sí tò ní Kaduna ní ọdún 1975. Ṣéènì náà ni ti Corolla tí ó ní ẹ́ńjìnnì 1ZZ-FE.

Bí ṣéènì bá ti ń jẹ, ó ń gùn díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe tẹ́ńṣọ́nà. Ẹ wo ìyá ìlù dùndún: bí onílù kò bá fi apá fún ọsán rẹ̀, awọ á dẹ̀, ìlù kò sì ní í fọhùn. Tẹ́ńṣọ́nà ni apá onílù nínú ẹ́ńjìnnì. Ó ní ọ̀pá kékeré tí sípíríǹgì àti agbára ọ́ìlì ń tì síta. Ó tún ní eyín tí kì í jẹ́ kí ọ̀pá náà padà sẹ́yìn. Ní òwúrọ̀, kí ọ́ìlì tó gòkè, sípíríǹgì àti eyín nìkan ni ó ń di ṣéènì mú. Bí wọ́n bá ti bàjẹ́, ṣéènì á máa lu ara ògiri. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè fo eyín, kí písítìn sì gbá fáàfù. Nígbà náà ni ẹ́ńjìnnì kú lóòótọ́.

Bí a ṣe ń wá a. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ́ìlì: ṣé ó pé, ṣé kò dọ̀tí jù? Lẹ́yìn náà, ẹ yọ bẹ́líìtì ìta, kí ẹ tan ẹ́ńjìnnì fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá 10 péré. Bí ariwo bá dákẹ́, ohun tí bẹ́líìtì ń yí ni ẹ ó wò. Bí ó bá ń bá a lọ ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí pọ́lì wà, ẹ fura sí ṣéènì.

Bí a ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ lára 1ZZ-FE:
1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, kí ẹ sì tú orí bátìrì.
2. Ẹ yí pọ́lì ìsàlẹ̀ títí àmì rẹ̀ yóò fi bá 0 mu.
3. Ẹ nu àyíká tẹ́ńṣọ́nà kí iyanrìn má bàa wọlé. Nọ́ọ̀tì méjì ni ó dì í mú. Sípánà 10 ni ẹ ó fi tú u.
4. Ẹ fa tẹ́ńṣọ́nà jáde tààrà. Láti ìgbà yìí, ẹ kò gbọdọ̀ yí ẹ́ńjìnnì rárá.
5. Ẹ fi ìka ti ọ̀pá rẹ̀. Bí ó bá wọlé láìjẹ́ pé ẹ gbé eyín rẹ̀ sókè, ó ti bàjẹ́.
6. Ẹ gbé eyín ti tuntun sókè, kí ẹ ti ọ̀pá rẹ̀ wọlé, kí ẹ fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ ọ. Ẹ fi ọ́ìlì díẹ̀ pa rọ́bà rẹ̀. Ẹ tì í wọlé, kí ẹ dì í ní ìwọ̀n 9 N·m. Kí ẹ má ṣe dì í bí ẹni ń di nọ́ọ̀tì táyà.
7. Ẹ fi ọwọ́ yí pọ́lì ìsàlẹ̀ díẹ̀ lòdì sí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí, kí ìkọ́ lè tú. Ẹ wá yí i bí ti aago, kí ẹ rí i pé ọ̀pá náà ti jáde.

Bí ìkọ́ bá tú kí ẹ tó dì í tán, ẹ yọ ọ́, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bí ariwo kò bá sì lọ lẹ́yìn tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ṣéènì fúnra rẹ̀ ti gùn jù, kí ẹ sì pààrọ̀ òun náà.

Ti ẹ̀gbọ́n wa kò dé ibẹ̀. Ọkọ̀ náà padà sójú títì, a kò sì ra ẹ́ńjìnnì. Àìtètè mú olè, olè mú olóko. Ohun tí etí bá gbọ́ lówùúrọ̀, kí ọwọ́ má ṣe fi í di alẹ́.

Ìdánrawò:
(a) Kí ló dé tí ariwo náà fi máa ń dákẹ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ti ṣiṣẹ́ díẹ̀?
(b) Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí ìkọ́ kò bá tú lẹ́yìn tí a ti di tẹ́ńṣọ́nà?