Àwọn Oníṣẹ́ Inú Ọpọlọ àti Ọmọ Inú Oyún

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin àti lóbìnrin, gbogbo wa la mọ̀ pé Súrà Al-Mu'minun (23), áyà 12 sí 14, sọ ìpele-ìpele tí Ọlọ́hun fi ń dá ènìyàn nínú oyún. A kò ní sọ, bí àwọn kan ti máa ń sọ, pé gbogbo ohun tí àwọn onímọ̀ rí ni a ti dárúkọ níbẹ̀. A kàn fẹ́ wo díẹ̀ nínú iṣẹ́ Ọlọ́hun ní àwọn ìpele náà, nítorí ọ̀ràn kan tí ó kan àwọn arábìnrin wa gbọ̀ngbọ̀n.

Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí ó wà lórí àgbàlagbà tó bílíọ̀nù 86. Kẹ́míkà ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ síra wọn: ọ̀kan a tú díẹ̀ jáde, èkejì a gbà á. Méjì tí ó wọ́pọ̀ jù nínú àwọn oníṣẹ́ yìí ni glutamate, tí ń ta sẹ́ẹ̀lì jí, àti GABA, tí ń mú un rọlẹ̀.

Àwọn oníṣẹ́ yìí ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí ọpọlọ tó di ọpọlọ. Nínú oyún, àwọn ìyá sẹ́ẹ̀lì kan wà tí ń pín sí méjì-méjì láti bí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Ní 1995, LoTurco, Kriegstein àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i nínú ọpọlọ eku tí a kò tíì bí pé GABA àti glutamate a máa dín pípín yìí kù. Ní 2000, Haydar, Rakic àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí i pé ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní apá kan ọpọlọ ọmọ eku, iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ ń mú kí ìyá sẹ́ẹ̀lì yára pọ̀ sí i, ní apá kejì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ kan náà ń fà á sẹ́yìn. GABA pàápàá, tí ń mú ọpọlọ àgbà rọlẹ̀, ńṣe ni ó ń ta àwọn sẹ́ẹ̀lì kékeré wọ̀nyí jí. Ẹni tí ó bá da àwọn oníṣẹ́ yìí rú, ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ni ó dà rú.

Ibẹ̀ ni ọtí ti wọlé. Ọtí a máa ti GABA lẹ́yìn, a sì máa dí glutamate lọ́nà. Bí aboyún bá mu ún, ó ń gba inú ibi ọmọ kọjá sára ọmọ. Ní 1973, Jones àti Smith ní Seattle, ní Amẹ́ríkà, ṣàpèjúwe àwọn ọmọ tí ìyá wọn jẹ́ ọ̀mùtí: orí wọn kéré, wọn kò dàgbà bó ti yẹ, ẹ̀kọ́ sì ṣòro fún wọn. Kì í ṣe ọ̀nà kan ṣoṣo ni ọtí ń gbà ṣe ìbàjẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ọ̀nà àwọn oníṣẹ́ yìí wà lára wọn.

Arábìnrin kan lè sọ pé, "Èmi kò fẹnu kan ọtí rí." Àgbo jẹ̀dí tí wọ́n fi ògógóró rẹ ńkọ́? Páráagà ńkọ́? Pípè é ní oògùn kò yọ ọtí kúrò nínú rẹ̀. Ọpọlọ ọmọ sì ti ń fara hàn ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin lẹ́yìn tí oyún bá dúró, nígbà tí ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé àwọn lóyún. Kò sí ìwọ̀n tí àwọn dókítà lè sọ pé kò léwu. Arákùnrin tí ń ra irú àgbo bẹ́ẹ̀ wálé fún ìyàwó rẹ̀, kí òun náà gbọ́. Òfin Ọlọ́hun lórí ọtí ti tó wa tipẹ́ kí 1973 tó dé. Nítorí àwọn tí ó rò pé ife kékeré kan kò kan òfin náà ni a ṣe kọ èyí.

Ó ku àwọn arábìnrin wa tí ń lo oògùn wárápá. Òmíràn nínú àwọn oògùn wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ lára GABA, valproate sì wà lára àwọn tí a mọ̀ pé ó ń ṣe ọmọ inú oyún ní jàǹbá. Kí arábìnrin má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀ o, nítorí gìrì wárápá náà léwu fún ìyá àti ọmọ. Kí ó lọ bá dókítà kí wọ́n tó so yìgì, kí wọ́n lè pààrọ̀ rẹ̀ fún un ní àkókò bí ó bá yẹ.