Sísún Ààlà Jẹ́ Àbòsí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú ẹ̀sìn, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun.

Ẹ̀kọ́ wa ti Jímọ́ọ̀ òní dá lórí ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ghasb: kí ènìyàn gba ohun ẹlòmíràn, tàbí kí ó máa lò ó, láìní ẹ̀tọ́ sí i. Ní oko wa ní Ìlúpéjú níbí, igi pérégún ni àwọn bàbá wa fi ṣe ẹlẹ́rìí ààlà. Ẹni tí ó hú u lóru, ẹni tí ó ń fi ebè kan kún tirẹ̀ lọ́dọọdún, ẹni tí ó da màlúù jẹ oko ẹ̀gẹ́ ọmọnìkejì, èyí tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì ṣòfin lé lórí ní ọdún 2016, gbogbo wọn ni wọ́n ti ṣe àbòsí.

Ẹ má ṣe sọ pé ó kéré. Nínú hádíìsì tí Sa'id ọmọ Zayd gbà wá, Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá fi àbòsí gba ilẹ̀ tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ, ìpele ilẹ̀ méje ni a ó fi kọ́ ọ lọ́rùn ní Ọjọ́ Àjíǹde.

Àwọn kan a sọ pé ilé ẹjọ́ ti dá àwọn láre. Ummu Salamah gbà á wá pé Ànábì ṣàlàyé pé abara ni òun. Ẹnìkan lè mọ ẹjọ́ rò ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ẹni tí òun bá tipa bẹ́ẹ̀ fún ní ẹ̀tọ́ ọmọ ìyá rẹ̀, ègé iná ni ó gbà. Bí ìdájọ́ Ànábì kò bá sọ èèwọ̀ di ẹ̀tọ́, ìwé adájọ́ wo ni yóò sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀?

Iṣẹ́ ẹ̀sìn pàápàá kì í ṣe àwáwí. Nígbà tí Ànábì dé Mọ̀dínà ní ọdún 622, ilẹ̀ tí ó fẹ́ kọ́ mọ́sálásí sí jẹ́ ti ọmọ òrukàn méjì, Sahl àti Suhayl. Wọ́n fẹ́ fi ta á lọ́rẹ. Ó kọ̀, ó sì rà á lọ́wọ́ wọn.

Nítorí náà, títọrọ àforíjì lọ́dọ̀ Ọlọ́hun nìkan kò tó. A ní láti dá ilẹ̀ padà, kí a san ohun tí a bàjẹ́, kí a sì bẹ olóhun. Bí olóhun bá ti kú, ti àwọn ajogún rẹ̀ ni. Bí ó bá sì jẹ́ pé bàbá wa ni ó gbà á, ogún kò sọ ọ́ di tiwa.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí a ru ilẹ̀ onílẹ̀ dé ọ̀run. Àmín.